Bí Ọmọ Inú Bá Dákẹ́, Ẹ Má Ṣe Dúró De Ìparí Iṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Agboju)

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe dìde. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Arábìnrin wa kan wà nídìí ẹ̀rọ, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ọmọ inú òun kò tàpá bí ó ti máa ń ṣe. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ fóómàn. Fóómàn ní kí ó dúró kí ṣíìfù parí. Ó dúró. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lálẹ́, ọmọ ti kú. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ náà ìbá yè bí ó bá tètè lọ, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé wọn kò fún un láyè láti gbìyànjú.

Ohun tí àwọn agbẹ̀bí ń kọ́ aboyún nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24 ni ìyá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ ń yí. Oyún àkọ́kọ́ lè kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n lára ní ọ̀sẹ̀ 24, kí ó lọ sọ fún wọn. Yíyí náà á máa pọ̀ sí i títí di ọ̀sẹ̀ 32, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìrọbí. Irọ́ ni pé ọmọ máa ń dákẹ́ bí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Awakọ̀ mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Bí ohùn náà bá yí padà ní títì Àgbádárìgì, kò ní sọ pé òun yóò wò ó lọ́la; ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò yà sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ìyá mọ ìṣe ọmọ inú rẹ̀.

Bí ìyá bá rí i pé yíyí ọmọ ti dínkù, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Bí kò bá dá a lójú, nítorí pé iṣẹ́ gbà á lọ́kàn, tí oyún rẹ̀ sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ó fọkàn sí i. Bí kò bá tó ìgbà 10 láàárín wákàtí 2, kí ó máa lọ. Kí ó má ṣe jókòó ti àgbo tàbí ohun mímu tútù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò tí ọmọ á wà lálàáfíà. Ìrìn náà kò ṣòfò. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ó tún lọ. Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin kò jìnnà sí wa.

Òfin Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974, abala 54, sọ pé aboyún tó bá mú ìwé dókítà wá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ìbí rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ 6. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ inú kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó dákẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn wa: aboyún tó bá ní ọmọ òun dákẹ́, kí wọ́n ṣí géètì fún un lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì gé owó rẹ̀. Kí ìyẹn tó bọ́ sí i, ẹni tí fóómàn bá dá dúró, kí ó ránṣẹ́ pe aṣojú ẹgbẹ́. A ó wá.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá gbé irú aboyún bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró kó èrò. Ẹ̀yin ọkọ, kí ẹ máa bi ìyàwó yín lálaalẹ́ pé, báwo ni ọmọ ṣe ṣe lónìí?

A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ.