Ta Ló Ń Pinnu Nínú Kọ̀ǹpútà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Iyaro, ìlú Ìbíní



Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, sunkún níwájú àwọn oníròyìn l'Abuja. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti wọ èsì ìdánwò ọdún náà, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ní ibùdó ìdánwò 157, l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Àjọ náà ti yí ìtòtẹ̀léra ìbéèrè àti ìdáhùn padà kí ti ọmọ kan má bàa rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó tì í. Àtúnṣe tó yẹ kó bá ìyípadà yìí rìn dé orí àwọn sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà) kan. Kò dé orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò.

Ọ̀pọ̀ òbí sọ pé kọ̀ǹpútà ló mú kí ọmọ àwọn fìdí rẹmi. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ ètò tó ń máàkì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ìdáhùn tí ọmọ yàn bá bá èyí tó tọ́ mu, fún un ní máàkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má fún un. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àṣẹ ọ̀hún kò bá ìdánwò tuntun mu mọ́. Ẹ̀rọ kì í pinnu. Ẹni tó kọ "bí" náà ló ti pinnu kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó jókòó.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ìṣirò ló ní "bí" láti ìbẹ̀rẹ̀. Z3 tí Konrad Zuse kọ́ ní Berlin lọ́dún 1941 lè ṣe ìṣirò gidi, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ kankan nínú rẹ̀ tó lè wo èsì kí ó sì yà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí èdè kọ̀ǹpútà FORTRAN dé lọ́dún 1957, IF rẹ̀, ìyẹn "bí" tirẹ̀, ń wo nọ́ńbà kan: bó bá kéré sí òdo, ó gba ọ̀nà kan; bó bá jẹ́ òdo gan-an, ó gba òmíràn; bó bá ju òdo lọ, ó gba ẹ̀kẹta. Lónìí, àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ èdè Python ń lo if (bí), elif (bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmọ́ bí) àti else (bí kò bá sí èyí tó jóòótọ́).

Àwa èèyàn náà ní "bí" tiwa. Ní ibùdókọ̀ Iyaro yìí, àṣẹ tí gbogbo awakọ̀ Èkó mọ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá kún, kó gbéra. Bó bá ku àyè ẹnì kan, tí ilẹ̀ sì ń ṣú, tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ kò ṣeé fi òru rìn, awakọ̀ á wo ojú ọ̀run, á bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, á sì lọ. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú yẹn. Bí a kò bá kọ ilẹ̀ ṣíṣú sínú àṣẹ, á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú máàkì yunifásítì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, 70 sókè ni A, 60 sí 69 ni B, títí dé 40 tó jẹ́ E. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè fi E ṣáájú: bí máàkì bá tó 40, kọ E. Ọmọ tó gba 92 náà tó 40, nítorí náà E ni wọ́n á kọ fún un. Nínú if àti elif, èyí tó bá kọ́kọ́ jóòótọ́ ló ń borí, ẹ̀rọ kò sì ní wo ìyókù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kíláàsì oyè. Ìwé òfin yunifásítì sọ pé CGPA, ìyẹn àpapọ̀ pọ́ínǹtì tí a fi àpapọ̀ yúnítì pín, tó bá wà láti 4.50 sí 5.00 ni First Class, 3.50 sí 4.49 ni Second Class Upper. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé, láìfi ẹyọ kan kún un. Ọmọ kan wá ní pọ́ínǹtì 719 nínú yúnítì 160. Ẹ pín in: 4.49375. Ó ju 4.49 lọ, kò tó 4.50. "Bí" méjèèjì kọ̀ ọ́, bí a kò bá sì kọ else, ọmọ náà kò ní kíláàsì kankan! Bí a bá wá ní ká dín nọ́ńbà kù sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ààmì dẹ́símà, ó di 4.49, ọ̀ràn tán. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ní 580 nínú yúnítì 129, ìyẹn 4.4961. Bí a bá sún un sí nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù, ó di 4.50, ó sì wọ First Class. Bí a bá kàn gé ìyókù dànù, 4.49 ni, kò wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ mú bébà. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú ààlà gan-an, èyí tó fi díẹ̀ kéré sí i, èyí tó fi díẹ̀ jù ú lọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbà. Bí ẹ bá dé ibi tí ìwé òfin kò ti sọ nǹkan kan, ẹ má fi ọgbọ́n orí yín dí i. Sísún nọ́ńbà sókè tàbí gígé e dànù, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì ló ni ìpinnu yẹn. Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá wọn, kí wọ́n tó fi ètò náà ka èsì ẹnikẹ́ni.