Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Gínípìgì Tí Àìsàn Èémí àti Àìsàn Ìtọ̀ Ń Yọ Lẹ́nu

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa gínípìgì, ẹran kékeré tí àwọn ọmọ wa ń sìn nínú ilé. Ó jọ ẹmọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìrù. Bí ebi bá ń pa á, á máa ké "wíì, wíì" títí a ó fi já koríko fún un.

Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé, "Tíṣà, ẹran ọmọ mi ń sín, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. A tọ́jú rẹ̀, ó sàn. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún dé. Kí ni ká ṣe?" Àwọn mìíràn ní, "Tiwa ń ké nígbà tí ó bá ń tọ̀."

Ìdáhùn wa nìyí. Irú àìsàn báyìí lè lọ, kí ó tún padà wá. Ẹni tí yóò bá a jà gbọ́dọ̀ ṣe ohun méjì. Kí ó máa tún ibùgbé ẹran náà ṣe lójoojúmọ́. Kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ jẹ́ kí a lò ó.

IRÚ ẸRAN WO NI?

Gínípìgì kì í ṣe ẹran ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí àwọn òkè gíga ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ bíi Peru àti Bolivia, ni ó ti wá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, nítorí náà ooru líle máa ń ni í lára. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 5 sí 8 láyé.

Ẹran tí àwọn ẹran ńlá àti ẹyẹ ńlá ń pa jẹ ni. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í fi àìsàn hàn, kí ọ̀tá má baà mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lè máa jẹun lójú wa, kí ara rẹ̀ sì ti máa gbẹ lábẹ́ irun. Ojú nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n.

ÀÌSÀN ÈÉMÍ

Imú ni gínípìgì fi ń mí. Bí ẹ bá rí i tí ó ya ẹnu láti mí, ọ̀ràn ti wọ̀. Àwọn àmì àìsàn nìyí: ó ń sín léraléra, imú tàbí ojú rẹ̀ ń ṣomi, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èémí rẹ̀ ń dún. Bí ó bá sín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nítorí eruku, ìyẹn kò burú.

Kòkòrò àrùn ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ Bordetella. Ó lè wà nínú imú ehoro tàbí ajá láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè pa gínípìgì. Nítorí náà, ẹ má fi ehoro àti gínípìgì sínú àgò kan náà. Èéfín igi ìdáná, èéfín jẹnẹrétọ̀, eruku ọyẹ́, eruku pákó, gbogbo wọn ń dá kún un.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ni ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá pẹ́ nínú ibùsùn ẹran, á mú òórùn tí ń ta ni nímú jáde. Òórùn náà ń ba imú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí àwa tí a dúró bá ń gbọ́ òórùn rẹ̀, èyí tí ó fi imú lé e ńkọ́?

ÀÌSÀN ÌTỌ̀

Ìtọ̀ gínípìgì tí ara rẹ̀ dá lè pọ́n bíi ìyeyè. Ó lè funfun díẹ̀ bí omi ẹfun. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí iyanrìn níbi tí ó tọ̀ sí, tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ká ẹ̀yìn kò tí ó sì ń ké bí ó ti ń tọ̀, àìsàn ni. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ń jẹ́ kálísíọ̀mù ló ń fa iyanrìn náà. Òun ló wà nínú eegun àti nínú èèpo ẹyin. Ara gínípìgì ń gbà á púpọ̀ láti inú oúnjẹ, ó sì ń tọ èyí tí ó bá ṣẹ́kù dànù. Bí kò bá mu omi tó, ìtọ̀ á ki, iyanrìn á dì, á di òkúta nínú àpò ìtọ̀. Òkúta lè dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, pàápàá ti akọ. Bí ìtọ̀ kò bá lè jáde, ikú dé tán.

Ẹ kíyè sí bí àìsàn méjèèjì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹran tí ìtọ̀ ń dùn ń tọ̀ síbi tí ó ń sùn, òórùn rẹ̀ a sì mú un nímú. Ẹran tí kò lè mí dáadáa kì í mu omi tó, ìtọ̀ rẹ̀ a sì ki. Ẹ kò lè tọ́jú ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

IṢẸ́ OJOOJÚMỌ́

Ìkínní: ẹ kó ibi tí ó tutù nínú ibùsùn rẹ̀ dànù lójoojúmọ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ìkejì: ẹ fún un ní omi mímọ́ lójoojúmọ́. Ẹ fọ ewé rẹ̀, ẹ má gbọn omi ara rẹ̀ dànù, kí ó lè bá oúnjẹ mu ún.

Ìkẹta: koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Kí ó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ má fi oúnjẹ adìẹ tí ń yé ẹyin bọ́ ọ. Wọ́n fi kálísíọ̀mù púpọ̀ sí i nítorí èèpo ẹyin. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ní kálísíọ̀mù púpọ̀. Ẹ má fún un jẹ lójoojúmọ́.

Ìkẹrin: ẹ fún un ní ohun tí ó ní fítámínì C. Ọ̀pọ̀ ẹran ń ṣe fítámínì yìí nínú ara wọn. Gínípìgì kò lè ṣe é, àwa ènìyàn náà kò lè ṣe é. Bí kò bá rí i jẹ, oríkèé á máa dùn ún, kò sì ní lè bá àrùn jà. Ègé tàtàṣé pupa tí kò ta, tí ó wọn bíi 20 gíráàmù, tó o lóòjọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ kóró inú rẹ̀.

Ẹ KA ARA ÌGÒ OÒGÙN

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Oògùn wà tí ń wo ènìyàn sàn, tí ó sì lè pa gínípìgì. Ẹ ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò tàbí páálí. Bí orúkọ náà bá parí sí "cillin", ẹ má fi sí i lẹ́nu: penicillin, ampicillin, amoxicillin, gbogbo wọn. Erythromycin, lincomycin àti clindamycin náà ń bẹ níbẹ̀.

Kí ló dé? Àwọn kòkòrò rere wà nínú ìfun gínípìgì tí ń bá a lọ koríko. Oògùn wọ̀nyí ń pa kòkòrò rere, kòkòrò búburú a sì gba ilé. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹran náà lè kú. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò ní mọ̀ pé oògùn ló pa á. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kà. Dókítà ẹran ló mọ oògùn tí ó yẹ, òun ló sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Bí ẹ bá ń fún un ní oògùn, ẹ lo síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kí ẹ ti fi sí i, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà gba ọ̀nà èémí. Ẹ lò ó pé iye ọjọ́ tí dókítà sọ, kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀

Ẹ fi ìwọ̀n ilé ìdáná wọn ẹran náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wo ojú ewé kan nínú ìwé ìyá kan:

Ọ̀sẹ̀ 1. 880 gíráàmù. Ó ń jẹun. Ìtọ̀ dára.
Ọ̀sẹ̀ 2. 875 gíráàmù. Ọyẹ́ dé. A gbé àgò sí ilé ìdáná. Ó sín.
Ọ̀sẹ̀ 3. 840 gíráàmù. Ó fi tàtàṣé sílẹ̀. Omi rẹ̀ kò tán.
Ọ̀sẹ̀ 4. 790 gíráàmù. Èémí ń dún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára aṣọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, ó ti fi 40 gíráàmù jò. Ojú kò lè rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ó bá jò tó 50, ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Bí ó bá tó 100, ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má wo ti ìwọ̀n mọ́.

Ìyá náà gbé ẹran àti ìwé lọ. Dókítà bi í pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ó ṣí ìwé. Dókítà ní kó ṣí ti ọdún tó kọjá pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀: ọyẹ́ dé, a gbé àgò sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kí òtútù má baà mú un, èéfín igi ló ń pa á lára. Lọ́hùn-ún náà, ọmọ kì í rántí wo ìgò omi rẹ̀, ẹnu ìgò sì ti dí. Dókítà yàwòrán inú ara rẹ̀. Iyanrìn ló wà nínú àpò ìtọ̀, kò tíì di òkúta. Ká ní ó ti di òkúta ni, iṣẹ́ abẹ ni ì bá kàn. Dókítà fún un ní oògùn. Àgò kúrò ní ilé ìdáná, ó bọ́ sí yàrá tí kò ní èéfín. Ẹran náà ṣì ń sín díẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

ÌGBÀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ

Bí ó bá ya ẹnu láti mí, tàbí tí ó ń tiraka láti tọ̀ tí nǹkan kan kò jáde, tàbí tí kò jẹun fún wákàtí 12, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ìfun rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹ gbéra lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan á ní, "Ta ní ń gbé eku lọ sọ́dọ̀ dókítà?" Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwa la mú ẹran yìí sínú àgò. Kò lè já koríko fún ara rẹ̀, kò sì lè sá fún èéfín. Ọmọ wa náà ń wò wá.

Kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù fa ìlà sójú ìwé rẹ̀: ọjọ́, ìwọ̀n, oúnjẹ, èémí, ìtọ̀. Kí ẹni tí kò ní gínípìgì fi ti ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe é. A ó kà á fún ara wa.