Kẹ̀ntáàlì kì í ṣe àpò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ níbi tí a ti ń wọn òwú: kẹ̀ntáàlì.

Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé èdè Faransé. Láyé àtijọ́, kẹ̀ntáàlì àwọn Faransé kò ju bíi kíló 49 lọ. Ti òde òní jẹ́ kíló 100 gééré, 10 rẹ̀ sì ni tọ́ọ̀nù kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àpò ka kẹ̀ntáàlì. Àpò tó gba kíló 50 ajílẹ̀ kò lè gba kíló 50 òwú, torí òwú fúyẹ́. Ẹni tó bá ka àpò méjì sí kẹ̀ntáàlì kan ti ná owó tí kò ní.

Kí wọ́n tó gbé òwú kọ́, ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n wà lórí òdo. Aṣọ tí a fi di òwú náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá fi 103 hàn, tí aṣọ jẹ́ kíló 3, òwú yín pé kẹ̀ntáàlì kan. Kí wọ́n wọn aṣọ náà lójú yín o! Bí wọ́n bá yọ 5 dípò 3, kíló 2 ti lọ. Bí a bá wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó di kíló 20.

Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe ń kọ iye, kí ẹ̀yin náà máa kọ tiyín. Ẹni tí kò mọ̀wé lè mú ọmọ ilé-ìwé dání lọ́jọ́ náà.