Ẹ̀tọ́ Àkàndá Ẹ̀dá Lọ́wọ́ Wa

 

Nítorí afọ́jú kan, Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, ni Ọlọ́run fi sọ Sura Abasa kalẹ̀, nígbà tí Ànábì wa (S.A.W.) yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Afọ́jú yìí kan náà ló wá di ladani.

Àwa ńkọ́? A ó fi sàárà lé arọ lọ́wọ́ lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, ó parí! Ta ló bi í bóyá ó ti dé ọsibítù rí? Ẹ mọ bí òkè Ọ̀kà ti rí, kò ṣeé fi kẹ̀kẹ́ arọ dá gùn. Ẹ fi mọ́tò gbé e. Ní ọsibítù ìjọba, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Kì í fúnni lábẹ́rẹ́ o. Òun ní í wádìí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, bí owó yóò ṣe wá, ibi tí a ti lè rí ọ̀pá ìtilẹ̀, tí yóò sì bá ẹbí sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá àkàndá ẹ̀dá lóhùn lórí ìlà, ó sì ka fífi wọ́n ṣagbe léèwọ̀.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ gbé ọmọ yín pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nítorí ẹnu ayé, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè.