Kí Olùkọ́ Àgbẹ̀ Lè Wúlò Fún Wa



Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ tí ìjọba ń rán jáde ni a fẹ́ sọ. A máa ń wí pé wọn kì í wá, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí yúríà wa.

Ní àkókò òjò tí ó kọjá, olùkọ́ kan wá, Hausa ni ó sì sọ. Ọmọkùnrin tí ó ṣe ògbufọ̀ gbọ́ Hausa ọjà dáadáa, kò gbọ́ ti oko. Olùkọ́ ní kí a gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, kí a bu yúríà sí i, kí a fi erùpẹ̀ bò ó. Ohun tí ó dé etí wa ni pé kí a fọ́n ọn sílẹ̀. A sì fọ́n ọn. Yúríà tí oòrùn bá bá lórí ilẹ̀ a máa di atẹ́gùn olóòórùn, a sì fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó wa ṣe fò lọ! Àwọn ìyá wa ni wọ́n fọ́n ọn, a kò sì pe ọ̀kan nínú wọn sí ìpàdé.

Ní 1975, pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, iṣẹ́ ìdàgbàsókè àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí ADP bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe. Nígbà tí ó yá, a mú ètò kan wọ̀ ọ́: kí olùkọ́ máa dé abà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní ọjọ́ kan náà, kí òun náà sì máa gba ẹ̀kọ́ kí ó tó wá. Nígbà tí owó yẹn tán, alùpùpù kò rí epo mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ọjọ́ ìbẹ̀wò sì parẹ́.

Ọjọ́ yẹn ni a fẹ́ gbà padà. A ó kọ ìwé sí ADP pé ọjọ́ kejì ọjà rọ̀ wá lọ́rùn, ènìyàn méjì ni yóò sì mú un lọ. Tọkùnrin tobìnrin ni yóò jókòó. A ó ya ebè díẹ̀ sọ́tọ̀ létí ọ̀nà, a ó gbin ìdajì bí olùkọ́ ṣe wí, ìdajì bí a ti ń ṣe é, kí ojú gbogbo wa rí i.

Ní ti kòkòrò àgbàdo tí ó wọ Nàìjíríà ní 2016, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbẹ̀wò. Bí ó bá ti wọ ọ̀kán àgbàdo, oògùn kì í sábà bá a mọ́. Ẹ já ewé náà tòun ti kòkòrò, kí ẹ gbé e lọ bá olùkọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Hausa tí òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ ebè, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.