Iṣẹ́ Abẹ Kàtáráàtì àti Àwọn Ọ̀jáfáfá Oníṣègùn Ojú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ojú bá wá di èyí tí kò ríran mọ́, kí ni alákàn yóò fi ṣọ́ orí rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún olùkọ́ tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, tí kò wá lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ojú pátákó mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún ìyá àgbà tí ó ń fi ọwọ́ tá ògiri kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, tàbí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n mú kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè máa fa ìyá àgbà náà lọ́wọ́ kiri. Nínú gbogbo àrùn tí ó ń fọ́ ènìyàn lójú ní àgbáyé, kàtáráàtì ni ó ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ òun náà ni oníṣẹ́ abẹ tí ó mọṣẹ́ lè mú kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀? Ohun tí àlàyé yìí dá lé nìyẹn.

Kí ni kàtáráàtì gan-an? Nínú ẹyin ojú, lẹ́yìn ihò dúdú kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ni lẹ́ńsì wà. Lẹ́ńsì yìí mọ́ gaara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ẹyin ojú, kí ohun tí ènìyàn ń wò lè hàn kedere. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ohun tí ó wà nínú lẹ́ńsì a bẹ̀rẹ̀ sí dì, a sì di bàìbàì, gẹ́gẹ́ bí omi ara ẹyin adìẹ ti ń di funfun nígbà tí iná bá rà á. Yàtọ̀ sí ogbó, àtọ̀gbẹ lè fà á. Kí nǹkan gbá ènìyàn lójú lè fà á. Wọ́n sì ń bí i mọ́ àwọn ọmọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé awọ funfun ni ó yọ bo ojú láti òde. Kì í ṣe awọ rárá. Lẹ́ńsì inú lọ́hùn-ún ni ó yí padà. Nítorí náà, kò sí àgbo tí a fi ń bọ́jú tàbí oògùn tí a ń kán sójú tí ó lè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ọ̀nà àbáyọ.

Iṣẹ́ abẹ ọ̀hún kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Índíà ti ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì tí ó ti di bàìbàì kúrò ní ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, tí wọn yóò sì jẹ́ kí ó ṣubú sí ìsàlẹ̀ inú ẹyin ojú. Ọgbọ́n yìí tàn dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ilẹ̀ Yúróòpù àti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹwà rẹ̀ ni pé aláìsàn a máa rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdùnnú a ṣubú layọ̀. Ewu rẹ̀ ni ohun tí ó ń tẹ̀ lé e: kòkòrò a wọ inú ojú, ojú a wú, a sì lè fọ́ pátápátá. Ní ọdún 1750, oníṣègùn ojú kan tí ń jẹ́ John Taylor, ẹni tí ó máa ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú kejì, ṣe irú iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú Leipzig fún Johann Sebastian Bach, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin ní ilẹ̀ Jámánì. Bach kò ríran, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá mọ́. Ní oṣù keje ọdún náà ni ó jáde láyé.

Ṣáájú ìgbà náà díẹ̀, ní ọdún 1747, Jacques Daviel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti la ojú, ó sì ti yọ lẹ́ńsì tí ó bàjẹ́ jáde dípò kí ó tì í sẹ́yìn. Ìlọsíwájú ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tí kò ní lẹ́ńsì dàbí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, kò sí ohun tí yóò darí rẹ̀. Nítorí náà, fún bí igba ọdún, ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ní láti máa lo awò ojú tí ó nípọn bí ìdí ìgò. Bí awò náà bá fọ́, ojú tún di bàìbàì.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí ìbọn bá ba ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbòrí Perspex tí ó wà lókè orí awakọ̀ a fọ́, èérún rẹ̀ a sì wọ̀ wọ́n lójú. Harold Ridley, dókítà ojú ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàkíyèsí pé èérún yìí lè wà nínú ojú fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé ojú bínú sí i. Lẹ́yìn ogun, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń wo bí Ridley ti ń yọ kàtáráàtì bi í léèrè ìdí tí kò fi fi lẹ́ńsì mìíràn dípò èyí tí ó yọ. Kí ẹ̀yin olùkọ́ fi ojú sí ibi yìí: ìbéèrè ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó gún olùkọ́ rẹ̀ ní kẹ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas', Ridley fi lẹ́ńsì tí wọ́n fi ohun tí ó jọ Perspex ṣe sínú ojú ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà dojú kọ ọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ oníṣègùn ni láti yọ ohun àjèjì kúrò nínú ojú, kì í ṣe láti fi í sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ayé tó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà tí kàtáráàtì mú un, irú lẹ́ńsì tí ó dá sílẹ̀ ni wọ́n fi sí ojú rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Charles Kelman ti New York ń wá bí ojú ọgbẹ́ yóò ṣe kéré sí i. Ní àga dókítà eyín ni ìdáhùn ti bá a: ó rí ẹ̀rọ tí ó ń fi ìgbọ̀n ìró tí etí kò lè gbọ́ fọ eyín. Ní ọdún 1967, ó lo irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ láti fọ́ lẹ́ńsì sí wẹ́wẹ́ nínú ojú, ó sì fà á jáde láti ojú ihò tín-ín-rín. Aláìsàn tí ó ti máa ń sùn sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ó lè lọ sí ilé ní ọjọ́ kan náà. Ní ọdún 1988, Patricia Bath, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀rí ìjọba fún ọgbọ́n tí ó dá láti fi iná lésà ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ọgbọ́n tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀? Ẹ̀rọ Kelman wọ́n, lẹ́ńsì Ridley wọ́n, àwọn afọ́jú tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ tálákà. Ọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Éṣíà ni ó kojú ìṣòro yìí. Èkíní ni Govindappa Venkataswamy ti ilẹ̀ Índíà. Àrùn oríkèé ara ti ká a ní ọwọ́ kò. Síbẹ̀ ó fi ìka wíwọ́ náà kọ́ bí a ti ń di abẹ mú, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tí ó ju 100,000 lọ. Ní ọdún 1976, nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 58, ó dá ilé ìwòsàn Aravind sílẹ̀ ní ìlú Madurai pẹ̀lú ibùsùn 11. Níbẹ̀, bí oníṣẹ́ abẹ bá ti parí lórí tábìlì kan, aláìsàn mìíràn ti wà ní ìmúrasílẹ̀ lórí èkejì. Owó tí àwọn tí ó rí jájẹ ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí kò ní. Wọ́n tún rí i pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nìkan kò tó. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ kò ní lè wá gbà á. Nítorí náà, wọ́n ń lọ kó aláìsàn láti abúlé, wọ́n sì ń bọ́ wọn. Ní ọdún 1992, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀, wọ́n ń ṣe lẹ́ńsì fúnra wọn, iye tí ó ti ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ sì wálẹ̀ gan-an.

Èkejì ni Sanduk Ruit, ọmọ abúlé orí òkè ní ilẹ̀ Nepal. Òun ni ó mú ọ̀nà kan gbòòrò tí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá: a la ojú díẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, a yọ lẹ́ńsì jáde, a fi tuntun sí i, ojú ọgbẹ́ a sì pa ara rẹ̀ dé láìlo òwú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi ọ̀nà yìí wé ti Kelman lára aláìsàn 108 ní Nepal. Méjèèjì mú ìríran tí ó dára wá. Ṣùgbọ́n ti Ruit gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 9, èkejì sì gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Ilẹ̀ Nàìjíríà ńkọ́? Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn olùwádìí yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó ju 13,000 lọ wò, àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún sókè, jákèjádò orílẹ̀-èdè. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó ju 4 lọ kò ríran mọ́, kàtáráàtì ni ó sì fa nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà. Èyí tí ó burú jù ni pé nínú àwọn ojú kàtáráàtì tí ẹnikẹ́ni ti fi ọwọ́ kàn, ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ti lẹ́ńsì rẹ̀ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Bach. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó ń gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ alábẹ́rẹ́. Alábẹ́rẹ́ a máa wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, a máa sọ èdè wọn, a sì máa gba owó díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn wà ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ojú bá máa fi bàjẹ́, alábẹ́rẹ́ ti kọjá sí ìlú mìíràn.

Ibi yìí ni iṣẹ́ ti kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọmọ kan bá ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ nítorí pé ó ń fa àgbàlagbà lọ́wọ́, kí olùkọ́ má ṣe na ọmọ náà. Kí ó béèrè ohun tí ó ṣe ojú àgbàlagbà ọ̀hún. Kí ó sọ fún àwọn ará ilé pé kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ìfọ́jú ni kàtáráàtì. Èyí tí gílákómà bá ti mú lọ kì í padà. Bí ó bá jẹ́ kàtáráàtì ni, iṣẹ́ abẹ wà. Bí funfun bá sì hàn nínú ojú ìkókó, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀la dá a, nítorí ọpọlọ ọmọ tí kò ríran ní kékeré kò ní kọ́ bí a ti ń ríran mọ́.

Ọ̀jáfáfá ni ẹni tí ó lè la ojú láìba ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn Venkataswamy àti ti Ruit fi hàn pé ìmọ̀ ọwọ́ nìkan kò tó. Ó di ìgbà tí iṣẹ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó ń tá ògiri, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ sì padà sí ilé ẹ̀kọ́, kí a tó lè sọ pé ìlọsíwájú ti dé.