Ṣé Ká Tún Ilé Ṣe Nígbà Tí Iṣẹ́ Ò Dájú?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó. Èmi ni mo ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín, mo sì rí i pé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, "àtúnṣe ilé" ni ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè pé, "Iṣẹ́ bàbá wọn ńkọ́?" ẹlòmíràn á ní, "Ìyá, a ò tíì mọ̀." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Ti ara mi ni mo sì fẹ́ sọ, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ibi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó oṣù. A ń gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ọdún yẹn gan-an ni òrùlé wa lẹ́yìn, lórí ilé ìdáná àti yàrá àwọn ọmọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ikán ti wọ igi òrùlé. Ilẹ̀ pálọ̀ ti hó, fẹ́ńsì ò tíì parí, bẹ́ẹ̀ àwọn àna wa ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní oṣù kejìlá.

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ ká ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ nísinsìnyí tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ta ló máa yá wa lówó?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Owó tí mo ní nínú ẹgbẹ́ nígbà náà jẹ́ ₦300,000. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni mo lè yá, ìyẹn ₦600,000.

Mo mú bírò àti ìwé. ₦600,000 ní oṣù méjìlá, pẹ̀lú èlé, ó lé ní ₦50,000 lóṣù kan. Èmi tí mo ń ta gààrí àti èlùbọ́, bí mo bá yọ owó ọjà, owó mọ́tò àti oúnjẹ ilé, èyí tó ń ṣẹ́ kù kò ju ₦20,000 lọ. Ìyókù, owó oṣù ọkọ mi la gbójú lé. Bí kò bá wọlé ńkọ́? Inú owó ọjà ni n ó ti máa mú un. Bí owó ọjà bá tán, àwọn obìnrin méjì tó ṣe onídùúró mi ni ẹgbẹ́ máa yíjú sí. Ọ̀kan nínú wọn ló ń dá san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. Ṣé kó wá fi owó yẹn ra táìsì pálọ̀ mi ni?

Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tí òjò ń bà jẹ́, ká fi èyí tí ojú ń fẹ́ sílẹ̀ ná." Inú wọn ò dùn. Ọ̀sẹ̀ kan la fi fa ọ̀rọ̀ náà. Níkẹyìn, a yá ₦200,000, tí sísan rẹ̀ pẹ̀lú èlé ò kọjá ₦18,000 lóṣù. Ọkọ mi fi ₦150,000 tí wọ́n ti tọ́jú kún un. Káfíńtà yọ igi tí ikán jẹ, ó kan páànù tuntun sẹ́yìn ilé kí ọdún tó parí. Àwọn àna wa dé. Kápẹ́ẹ̀tì ni mo fi bo ilẹ̀ tó hó. Ojú tì mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì fẹ́ ọmọ wa.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, lẹ́tà dé fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ti tán. Ọjà mi ló san ẹ̀yáwó náà títí ó fi parí. Kò sẹ́ni tó lọ bá onídùúró mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì pẹ̀lú. Ní oṣù kejì yẹn kan náà, àpò sìmẹ́ńtì tó ti wà ní nǹkan bí ₦5,000 gun ₦10,000, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó pé kó padà sí ₦7,000 sí ₦8,000. Fẹ́ńsì wa ò tíì parí títí dòní, ọkọ mi ṣì máa ń fi dá àpárá sí mi. Dídúró náà ní owó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń sùn, a sì ń jí láìjẹ gbèsè.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ jókòó ti bàbá àwọn ọmọ yín, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkínní, bí a bá fi í sílẹ̀ di òjò tó ń bọ̀, ṣé yóò bà jẹ́ jù báyìí lọ? Òrùlé tó ń jò, igi tí ikán wọ̀, wáyà iná tó ti bó, ìwọ̀nyí ò ṣe é fi sílẹ̀. Táìsì àti ọ̀dà lè dúró.

Èkejì, bí owó oṣù bá dáwọ́ dúró lọ́la, ṣé èrè ọjà mi nìkan lè san ẹ̀yáwó yìí láì fọwọ́ kan owó ọjà? Bí kò bá lè san án, ẹ dín in kù.

Ẹ̀kẹta, ṣé àwọn onídùúró mi mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé wa wó, kò sì ní jẹ́ kí ọjà wa kùtà. Ẹgbẹ́ wa á máa gbèrú.